Orúkọ Tí Ó Wà Láàárín: Ìtàn Oldsmobile àti Mercury ní Atlanta



Ní ọjọ́ kan tí a jókòó lẹ́yìn ìpàdé, tí a ti jẹun tán, tí ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bọ́ sórí mọ́tò, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tí ó ń kọ́ ètò òwò sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe ọkọ̀ oríṣi márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì mú èrè wá mọ́, kí ó gé orúkọ náà dànù kíá, bí àgbẹ̀ ti í gé ẹ̀ka tí ó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú yìí jù wá lọ dá a lóhùn pé ẹ̀ka kì í ṣàdédé gbẹ, pé kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ṣe gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi kò sọ púpọ̀ ní ọjọ́ náà nítorí n kò mọ ìtàn náà tó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà á kiri, ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ ìtàn náà wà ní Atlanta níbí, ní ibi méjì tí púpọ̀ nínú wa ń gbà kọjá láìbojú wò ó.

Ẹni tí ó bá bá ọkọ̀ òfurufú wọ ìlú yìí, tí ó sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé, lè rí ọ̀nà ọ̀dà dúdú kan tí ó lọ́ bí ejò nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson, pẹ̀lú ilé onígíláàsì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ Porsche ti Àríwá Amẹ́ríkà nìyẹn, tí wọ́n ṣí ní 2015. Àwọn olówó ń wá sáré lórí ọ̀nà náà kí wọ́n lè mọ bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n láti 1947 títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2006, ilé-iṣẹ́ Ford ni ó wà lórí ilẹ̀ yẹn, ní Hapeville. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to Taurus àti ìkejì rẹ̀, Mercury Sable. Ibi kejì ni Doraville, níbi tí ọkọ̀ ojú irin MARTA ti parí sí ní ìhà àríwá. General Motors ní ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ láti 1947 títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2008. Ẹ̀ka tí ń to Buick, Oldsmobile àti Pontiac ni wọ́n kọ́ ọ fún, èyíinì ni àwọn orúkọ mẹ́ta tí ó wà láàárín, tí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, tí kì í sì í ṣe ti ọlọ́lá. Lónìí, ilé tí wọ́n ti ń ya sinimá ni ó wà níbẹ̀. Nínú àwọn orúkọ mẹ́ta wọ̀nyẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù láyé.

Èmi ní ìdí ti ara mi tí mo fi tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tí a ń pè ní Bàbá Abẹ́òkúta, kàwé ní Atlanta láti 1979 sí 1983. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn títí di òní. Wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò, irun wọn kún bí igbó, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ gígùn kan tí imú rẹ̀ ń dán. Oldsmobile Cutlass ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, a kò lè lóye ìdí tí òyìnbó yóò fi sọ ọkọ̀ ní àdá, a sì máa ń wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ mú. Ní oṣù tí ó kọjá mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní, “Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ rí tí ẹ fi ra ọkọ̀ yẹn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Chevrolet ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń gùn. Bí mo bá ti yà wọ inú ọgbà ilé-ìwé báyìí, gbogbo wọn ti mọ̀ pé èmi ni mo dé.” Nínú gbogbo ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí èyí tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí orísun rẹ̀. Alfred Sloan, ẹni tí ó di ààrẹ General Motors ní 1923, ni ó to ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà bí àtẹ̀gùn. Chevrolet wà nísàlẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí owó. Pontiac, tí ó jáde ní 1926, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Oldsmobile, lẹ́yìn ìyẹn Buick, Cadillac sì gúnwà sókè téńté. Èrò Sloan ni pé bí owó ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i, kí ó máa gun àtẹ̀gùn náà ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ó má sì jáde kúrò nínú ilé náà títí tí yóò fi kú. Henry Ford kò fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀. Model T nìkan ni ó gbójú lé láti 1908 sí 1927, nígbà tí yóò sì fi yí ọkàn padà, General Motors ti gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀, Edsel Ford, ni ó rí i pé àlàfo ńlá wà láàárín Ford tí ó wọ́pọ̀ àti Lincoln tí ó wọ́n, ni wọ́n bá dá Mercury sílẹ̀ ní 1938 láti dí i.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Àwọn òbí wa ní àtẹ̀gùn tiwọn nílé. Ní 1975, nígbà tí owó Udoji wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Tíṣà àti akọ̀wé ra Volkswagen tí ó rí bí ìjàpá, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba gun Peugeot 504, olóyè àti oníṣòwò ńlá sì fẹ̀yìn ti inú mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Bí a bá ti rí ọkọ̀ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ti mọ irú ẹni tí ó wà nínú ilé.

Nínú irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ń ta ọ̀pọ̀, ẹni tí ó wà lókè ń ta iyì. Ẹni tí ó wà láàárín ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Ìyàtọ̀ ni ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi owó díẹ̀ lé owó Chevrolet gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó náà rà, kí aládùúgbò rẹ̀ náà sì rí i.

Oldsmobile mọ iṣẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́. Ransom Olds dá a sílẹ̀ ní ìlú Lansing, ní Michigan, ní 1897, ọdún mọ́kànlá kí General Motors tó wà rárá. Ní ilé-iṣẹ́ Sloan, Oldsmobile ni wọ́n fi í dán ohun tuntun wò. Nígbà tí ọdún 1939 ń parí lọ, òun ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ wá fún gbogbo ènìyàn láti rà, tí a fi ń wa ọkọ̀ láìtẹ kíláàṣì. Ní 1949 ó gbé ẹ́ńjìnnì Rocket jáde, alágbára tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ní 1966 ó gbé Toronado jáde, ọkọ̀ ńlá tí táyà iwájú ń fà. Nítorí náà ẹni tí ó bá ra Oldsmobile mọ̀ pé òun ra ohun tí Chevrolet kò tíì ní. Ní 1976, Cutlass ni ọkọ̀ tí wọ́n tà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó ta àwọn ọkọ̀ tí owó wọn kéré sí tirẹ̀ yọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Oldsmobile ta ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ní ọdún 1977 yẹn kan náà ni kòkòrò wọ inú obì. Ọkọ̀ ń tà ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jáde lọ, nítorí náà wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Chevrolet sínú àwọn Oldsmobile kan, wọn kò sì sọ fún ẹni tí ń rà á. Nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, páàtì Oldsmobile kò wọ ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀, àṣírí bá tú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì san owó láti parí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì Chevrolet náà, bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọjà aṣọ wò ó. Bí o bá lọ sí Gbági ní Ìbàdàn, tí ìyá aláṣọ gé àǹkárá mẹ́fà fún ọ, tí ó ní aṣọ gidi ni, tí o sì gba iye aṣọ gidi sílẹ̀ fún un, tí o wá dé ilé tí o rí i pé ti òpòpónà ni ó fi lébẹ́ẹ̀lì tuntun sí, bí aṣọ náà kò tilẹ̀ ṣí láwọ̀ láé, ǹjẹ́ ìwọ yóò tún padà sí ìsọ̀ náà?

Wọn kò dúró níbẹ̀. Láti 1978 sí 1985 Oldsmobile ń ta ẹ́ńjìnnì dísù kan tí ó di òkìkí burúkú nítorí bí ó ṣe ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí owó lè dínkù, General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara kan náà ṣe ọkọ̀ orúkọ mẹ́rin. Ní oṣù kẹjọ 1983, ìwé ìròyìn Fortune to mẹ́rin nínú wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile àti Buick, gbogbo wọn ní àwọ̀ kan náà, ojú sì ti ilé-iṣẹ́ náà nítorí wọ́n jọ bí ìbejì tí ó di mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọjà ti dẹ̀ nígbà náà o. Ní 1985 Oldsmobile ṣì ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Ibi tí ó burú sí nìyẹn. Ìwé ìṣirò ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàtọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi ogójì ọdún kó jọ ni wọ́n ń ná, owó náà sì ń wọlé bí ẹni pé èrè ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn ará Japan wá jókòó sí àárín. Honda ti ń to Accord ní ìpínlẹ̀ Ohio láti 1982. Accord kì í ṣe ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, kì í sì í ṣe ọkọ̀ olówó. Ọkọ̀ àárín ni, orúkọ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ní 1989 ó di ọkọ̀ tí wọ́n tà jù ní Amẹ́ríkà.

Kí ni Oldsmobile ṣe? Ní 1988 wọ́n gbé ìpolówó kan jáde tí ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé Oldsmobile tuntun yìí kì í ṣe ti bàbá wọn mọ́. Mo rò ó títí. Àwọn tí ó ń ra ọkọ̀ náà nígbà yẹn, àwọn bàbá náà ni! Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó fẹ́ tajà a máa kí ìran oníbàárà rẹ̀, a máa pe oríkì rẹ̀. Èwo ni kí a dúró lẹ́nu ìsọ̀ kí a máa fi oníbàárà àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ kí tuntun lè yà wọlé? Àwọn ọ̀dọ́ kò yà, àwọn bàbá sì gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Aurora jáde fún ọdún 1995, ọkọ̀ tí ó dára gan-an, wọn kò kọ Oldsmobile sí ara rẹ̀ lóde. Bí onílé bá ti ń fi orúkọ ilé rẹ̀ pamọ́ fún àlejò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 2000 wọ́n kéde pé Oldsmobile yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Iye tí wọ́n tà ní ọdún náà kò tó 300,000. Èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Lansing ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2004, lẹ́yìn ọdún 107 àti ọkọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 35 lọ. Ẹ wá wo bí gígé ẹ̀ka yìí ti wọ́n tó. Àwọn tí ń ta Oldsmobile káàkiri Amẹ́ríkà ń lọ sí bíi 2,800. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ dáàbò bo irú wọn, ilé-iṣẹ́ kò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Owó tí General Motors fi tù wọ́n nínú ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gun Oldsmobile kò sì kọjá sí Buick bí wọ́n ti rò. Wọ́n jáde kúrò nínú àtẹ̀gùn Sloan pátápátá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Doraville lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa tí ń kọ́ ètò òwò gbé yẹ̀ wò. Ọkọ̀ ẹlẹ́bí kan wà tí wọ́n ń to níbẹ̀ fún Oldsmobile, Silhouette ni orúkọ rẹ̀. Ó bá Oldsmobile lọ ní 2004. Ṣé ẹ rò pé Doraville wá ń to ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ dínkù? Rárá o. Fún ọdún 2005, láti inú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo náà, wọ́n gbé ọkọ̀ ẹlẹ́bí kan jáde pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin: Chevrolet Uplander, Pontiac Montana SV6, Buick Terraza àti Saturn Relay. Saturn yìí ni orúkọ tí General Motors dá sílẹ̀ ní 1985 láti fi hàn pé òun lè ṣe ohun tí ó yàtọ̀! Wọ́n sin Oldsmobile tán, wọ́n sì ṣe ohun tí ó pa á fún orúkọ mẹ́rin mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́rin kò pé tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn Doraville. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ń to ohun tí wọ́n gbé fún wọn. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá Terraza yàtọ̀ sí Relay, bí wọ́n bá sì bi wọ́n, àwọn ni ìbá kọ́kọ́ sọ òtítọ́, nítorí ọwọ́ wọn ni ó ń lẹ àmì náà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ Mercury kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti sún mọ́ Ford jù. Ní 1957 Ford tún gbé orúkọ àárín mìíràn jáde, Edsel, èyí tí wọ́n fi sọrí Edsel Ford tí ó ti kú ní 1943. Ọdún méjì péré ni ó lò, owó tí ó sì bá a lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là. Àwọn tí ń bẹ̀rù orúkọ àárín a máa fi Edsel ṣe àpẹẹrẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n Mercury rí ojú rere nígbà kan, Atlanta sì wà nínú rẹ̀. Ní òpin 1985, Hapeville bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Sable jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Taurus. Ìbejì ni wọ́n lábẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún Sable ní ojú tirẹ̀: iná kan ṣoṣo ni ó tàn gba iwájú rẹ̀ já láti etí dé etí, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lókèèrè lóru mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ọdún tí Mercury tọ́ sí ìdásí, ọdún wọ̀nyẹn ni. Ó sì dára fún Taurus náà, òun ni ó ta jù ní Amẹ́ríkà láti 1992 sí 1996.

Lẹ́yìn náà ni Ford gbàgbé àwọn méjèèjì. Owó àti làákàyè rẹ̀ lọ sórí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ gíga. Wọ́n mú iná yẹn kúrò, Sable wá di Taurus tí ó wọ fìlà mìíràn. Sable kúrò ní Hapeville ní 2005. Ní oṣù kìíní 2006 ni Ford kéde pé òun yóò ti ilé-iṣẹ́ 14, tí iṣẹ́ tí ó tó 30,000 yóò sì lọ. Hapeville wà nínú wọn. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 2010, wọ́n kéde ikú Mercury fúnra rẹ̀. Kò ná Ford tó bí Oldsmobile ti ná General Motors, nítorí kò sí ìsọ̀ kankan tí ń ta Mercury nìkan, ẹ̀gbẹ́ Lincoln tàbí Ford ni wọ́n ń tà á sí. Nínú ọkọ̀ 100 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Mercury kò pé ọ̀kan. Mo gbà pé ó tọ́ láti pa á ní ọdún yẹn. Kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù láti dá sí.

Ṣùgbọ́n Buick ńkọ́? Òun ni ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní ìpàdé ọjọ́ náà fi dì mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́. Ní 2009, nígbà tí gbèsè wọ General Motors lọ́rùn, wọ́n ní láti mú orúkọ kúrò. Ní oṣù kejì ọdún náà wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn yóò dá Pontiac sí níwọ̀nba. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, tí ìjọba tí ń yá wọn lówó ti tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n kéde pé Pontiac yóò lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà wọ́n wọ ilé-ẹjọ́ onígbèsè. Saturn náà lọ. Ní Amẹ́ríkà níbí, ọkọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n ka Buick sí, iye tí wọ́n ń tà nínú Pontiac sì ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Buick ni wọ́n dá sí. Ìdí rẹ̀ wà ní Ṣáínà. Àwọn aláṣẹ àti ọlọ́lá ibẹ̀ ti mọ Buick kí ogun àgbáyé kejì tó dé, nígbà tí General Motors sì padà lọ to ọkọ̀ ní Shanghai ní 1998, orúkọ tí ìlú ti mọ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ní 2009 Buick tí wọ́n tà ní Ṣáínà ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ti di ọkọ̀ bàbá ní Michigan jẹ́ ọkọ̀ ọ̀gá ní Shanghai, àyè rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì hàn kedere.

Nítorí náà, bí a bá tún jókòó, ohun tí èmi yóò sọ nìyí. Ọ̀rẹ́ wa jàre lórí ọdún 2000 àti 2010, nítorí ẹ̀ka náà ti gbẹ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rò pé gígé yóò wo igi sàn, Doraville sì ti já a nírọ́: ọdún márùn-ún lẹ́yìn Oldsmobile ni igi náà wó. Ẹ̀gbọ́n wa jàre lórí gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹ̀ka náà nígbà tí ó ti gbẹ tán. Ní tèmi, kí wọ́n tó la ìwé ìṣirò, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà pé kí ni tìrẹ ní tí ti aládùúgbò rẹ kò ní. Bí ó bá dáhùn láìronú, bí Bàbá Abẹ́òkúta ti dá mi lóhùn, kí wọ́n dá orúkọ náà sí, kí wọ́n sì náwó lé e lórí, bí ọjà tilẹ̀ dẹ̀. Bí ó bá ní láti lọ wo àmì tí ó wà nídìí ọkọ̀ kí ó tó mọ ohun tí yóò sọ, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á, ìsìnkú ni ó kù.

Nílé, ikú tí ó pa ọkọ̀ àárín yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Peugeot 504 àti Volkswagen jọ ara wọn. Ẹni tí ń rà wọ́n ni ó pòórá. Láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, owó oṣù tíṣà kò ra táyà mọ́, kí a má tilẹ̀ sọ ọkọ̀ tuntun, kò sì pẹ́ tí Volkswagen ti Èkó fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tòkunbọ̀ ni ó gba àyè wọn, àwọn ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti lò kù.

Láàárín àwọn tòkunbọ̀ yìí ni mo ti bá Pontiac pàdé kí n tó mọ̀ pé orúkọ náà ti kú. Pontiac Vibe wà ní Èkó dáadáa. General Motors àti Toyota ni wọ́n jọ ń to ó ní Fremont, ní California, láti 2002 sí 2009, abẹ́ rẹ̀ sì ni Toyota Matrix. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin, kò ní bi yín léèrè Pontiac rárá. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí Ládípọ̀ pé kí ó lọ ra páàtì Matrix wá.